Ẹni Tó Pín Ilẹ̀ Ló Pín Àgbàrá

Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1900, ìlú Chicago mú odò tirẹ̀, ó dá a padà sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú adágún Michigan ni odò Chicago ń ṣàn sí, ó ń kó ẹ̀gbin ìlú lọ sínú omi kan náà tí ará ìlú ń mu. Wọ́n wá gbẹ́ ipa omi kan tó gùn tó kìlómítà 45, odò sì yí orí padà, ó kọrí sí ọ̀nà Mississippi. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹnikẹ́ni kò lè fojú tín-ín-rín ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin náà kò pòórá. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Missouri tó wà nísàlẹ̀ odò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Missouri pe ẹjọ́. Ní 1906, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà da ẹjọ́ náà nù, ó ní ẹ̀rí kò tó.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ńlá ṣe ń ṣe é títí dòní. Ó ń fa omi wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń sin odò sábẹ́ kọnkéré, ó ń gé igi níhìn-ín, ó ń gbìn ín sọ́hùn-ún. Nínú gbogbo àtúntò yìí, ẹnì kan ń rí omi mímọ́ mu, ẹlòmíràn ń gba ẹ̀gbin sílé. Ìdúró tiwa ni pé kò yẹ kí ìjọba kankan pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìdàgbàsókè títí yóò fi sọ ní gbangba ẹni tó máa ru ẹrù rẹ̀. Kò sì yẹ kí wọ́n lé tálákà kúrò nílé ní orúkọ ìtọ́jú àyíká, kí wọ́n sì retí pé ká pàtẹ́wọ́.

Ẹ wo Los Angeles. Etí aṣálẹ̀ ló wà, omi tó ní kò sì tó fún bó ṣe ń fẹ́ dàgbà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un lọ sí àfonífojì Owens, wọ́n ń ra ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ omi lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ náà kò sì mọ ẹni tó ń rà á gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1913, wọ́n ṣí ipa omi tó gùn ju kìlómítà 370 lọ. Bí omi ṣe ń ya bọ̀, William Mulholland tó darí iṣẹ́ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀: òun nìyẹn, ẹ mú un. Wọ́n sì mú un. Kí nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá tó pé, adágún Owens ti gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọ imú àwọn tó ṣẹ́kù sí àfonífojì náà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, Los Angeles ti ná ohun tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là láti mú eruku náà wálẹ̀. Àwọn Paiute ńkọ́, tí wọ́n ti ń la ojú omi sí oko wọn níbẹ̀ kí aláwọ̀ funfun tó dé? Àwọn àgbẹ̀ tiẹ̀ rí owó gbà. Ẹ̀tọ́ omi àwọn Paiute ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì yanjú.

Ìlú a tètè gbọ́n nígbà tí ìyà bá kan ilé àwọn tó ń ṣòfin. Àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 14,000 ní London láàárín 1848 sí 1849, ó tún padà wá ní 1853 sí 1854, ó pa àwọn mìíràn tó lé ní 10,000. Ìgbìmọ̀ ń jókòó, ìgbìmọ̀ ń dìde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858 ni òórùn odò Thames wọ fèrèsé ilé aṣòfin. Òfin tí yóò fi gbẹ́ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ 18! Joseph Bazalgette, ẹnjiníà ìlú náà, ṣe iṣẹ́ náà, ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí onígbáméjì tún dé ní 1866, ìlà oòrùn London, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn tálákà ń gbé, ni iṣẹ́ kò tíì parí sí. Ibẹ̀ náà ló ti pa èèyàn tó lé ní 5,500.

Ooru pàápàá mọ ojúlé tó ń yà sí. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, àjọ ìjọba kan ní Amẹ́ríkà ya máàpù àwọn ìlú ńlá, ó sì kun àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àjèjì tálákà ń gbé ní pupa: owó tí ẹ bá yá wọn níbẹ̀ lè ṣègbé. Báńkì kò yá wọn lówó mọ́. Ẹni tí kò rówó yá kò lè tún ilé ṣe, owó ilẹ̀ ibẹ̀ wálẹ̀, ibi tí owó ilẹ̀ bá sì ti wálẹ̀ ni ìjọba ń la títì márosẹ̀ gbà, tí ilé iṣẹ́ ń kọ́ ilé ìkẹ́rù sí. Igi kò ráyè. Òfin fòpin sí irú ìwà báńkì bẹ́ẹ̀ ní 1968. Àmọ́ ìwádìí tó jáde ní 2020, tí wọ́n ṣe ní ìlú 108, fi hàn pé àdúgbò tí wọ́n kùn ní pupa nígbà náà ṣì gbóná ju àwọn tó kù lọ nínú ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìlú náà. Ìyàtọ̀ ooru ojú ilẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba, tó ìwọ̀n Celsius 2.6. Àwọn tó kun máàpù ti kú tán. Ọ̀dà títì tó wà níbi tí igi ìbá wà kò kú.

Ooru sì ń pànìyàn. Ní oṣù keje 1995, ní Chicago yìí kan náà, iye àwọn tó kú láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan fi 739 ju bó ṣe yẹ lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé, tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹ̀rù àdúgbò kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni New Orleans. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2005, ìjì Katrina jà, ògiri tí ìjọba fi dá omi dúró ya, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Ọ̀kan lára ibi tó jìyà jù ni Lower Ninth Ward, àdúgbò aláwọ̀ dúdú tí ipa omi kan tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ti gé kúrò lára ìlú tó kù. Gbogbo ayé rí èyí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò ráyè fún ni ìṣirò tó tẹ̀ lé e. Ètò tí wọ́n pè ní Road Home, tó ń fún onílé lówó kó fi tún ilé kọ́, ń wo iye tí ilé náà tó lọ́jà kí ìjì tó dé, ó ń wo iye tí àtúnṣe yóò ná, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni wọ́n á fi ṣírò. Bí ilé méjì bá bàjẹ́ bákan náà, tí pákó, símẹ́ǹtì àti owó káfíńtà wọn sì jẹ́ iye kan náà, onílé tó wà ládùúgbò aláwọ̀ funfun á rí owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́. Ti àdúgbò aláwọ̀ dúdú á gba èyí tí kò lè kan òrùlé, nítorí pé ọjà ti fojú di ilé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù lè má kórìíra ẹnikẹ́ni. Ìṣirò tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ti bá a kórìíra tán. Ó di ẹjọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní 2011, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ta ló lè fi ọdún mẹ́fà gbé ilé tí kò ní òrùlé?

Ọ̀gbẹlẹ̀ náà kì í ṣe ojúsàájú, àfi bí ìlú bá kọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, Cape Town ní South Africa ń ka ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ yóò dá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lò ju lítà 50 lọ lóòjọ́. Ará ìlú gbìyànjú, ọjọ́ náà kò sì dé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 ṣírò pé àwọn olówó àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, tí wọn kò ju nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ló ń lo ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì omi ìlú náà. Àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, tí wọ́n tó ìdá 62, ń lo nǹkan bí ìdá 27. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọgbà òdòdó ló ń mu púpọ̀ nínú omi àwọn olówó náà. Olówó tí wọ́n dín omi rẹ̀ kù sì lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá rẹ̀, kó máa fa omi abẹ́ ilẹ̀ tí kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ta ló ní kí tálákà lọ kọ́lé sétí odò? Jakarta ní Indonesia bi ìbéèrè yìí, katakata tó ń wólé ló sì fi dáhùn. Ní oṣù kẹjọ 2015, ìjọba wó ilé àwọn ará Kampung Pulo létí odò Ciliwung, wọ́n ní kí omi lè rọ́nà gbà. Bẹ́ẹ̀, Jakarta fúnra rẹ̀ ló ń rì. Ó níbi tó ti rì ju mítà 2 lọ láàárín ọdún mẹ́wàá ní àríwá ìlú náà, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fà á sì ni omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń fà láìdúró, nítorí pé páìpù ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ilé. Hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtajà ńlá àti ilé iṣẹ́ ló ní agbára láti gbẹ́ èyí tó jìn jù. Katakata kò yà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2019, ìjọba kéde pé òun ń gbé olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà kúrò ní Jakarta lọ sí erékùṣù Borneo.

Igi àti koríko náà ní ìtàn tiwọn, àwa tí a fẹ́ràn àyíká kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Kí Central Park tó wà ní New York, abúlé kan wà lórí apá kan ilẹ̀ náà tó ń jẹ́ Seneca Village. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ilẹ̀ tiwọn, ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn àti ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1857, wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò. Lóde òní, ó lè má gba ọlọ́pàá mọ́: bí ọgbà ìtura bá dé àdúgbò, owó ilé á gòkè, ayálégbé á kó ẹrù rẹ̀, ẹlòmíràn á sì wá jókòó sábẹ́ igi.

A ò kórìíra ìlú ńlá. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé ló ń gbé ìlú ńlá, pé yóò sì tó ìdá 68 ní 2050. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí ni páìpù kan ti lè bomi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó sì ti ṣeé ṣe rí. Láti 1989, Porto Alegre ní Brazil jẹ́ kí ará àdúgbò péjọ láti pinnu bí wọ́n ṣe máa ná apá kan ìṣúná ìlú. Ilé tí omi ẹ̀rọ àti gọ́tà dé kúrò ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1988, ó di ìdá 98 ní 1997. Wọ́n dá ètò náà dúró ní 2017. Ní oṣù karùn-ún 2024, omíyalé bo ìlú náà, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tó yẹ kó fa omi jáde sì dákẹ́. A kò sọ pé èkíní ló fa èkejì. Àìtọ́jú ẹ̀rọ ni àwọn onímọ̀ tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n a ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí omi máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ìbá gbà kí owó àtúnṣe ẹ̀rọ náà lọ síbòmíràn.

Nítorí náà, kí ìlú tó bá fẹ́ gbẹ́ ipa omi, mọ ògiri tàbí gbin ọgbà gbé orúkọ àdúgbò tí omi, eruku tàbí ooru rẹ̀ yóò yà sí síta kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó iṣẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gọ́tà, páìpù àti igi gbígbìn láti àdúgbò tó gbóná jù, tó sì wà nísàlẹ̀ jù. Kí owó omi tí èèyàn nílò láti mu, láti fi sè àti láti fi wẹ̀ wálẹ̀, kí èyí tí wọ́n ń dà sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ gbówó lórí gidi, kí mítà sì wà lórí kànga ẹ̀rọ olówó. Bí kíkó èèyàn kúrò létí odò bá di dandan, kí ilé mìíràn ti dúró nítòsí ibi iṣẹ́ wọn kí katakata tó dé. Kí owó àtúnṣe ilé tí omi bá bàjẹ́ sì jẹ́ iye tí pákó, símẹ́ǹtì àti iṣẹ́ ọwọ́ yóò gbà, láìwo iye tí ọjà fi sí àdúgbò.