Ẹ má fi àròpọ̀ oṣù nìkan díwọ̀n òjò inú kọ̀ǹpútà

Àròpọ̀ òjò oṣù kan nínú àwòṣe ojú-ọjọ́ àgbáyé, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú-ọjọ́ ayé, lè bá èyí tó rọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́ mu, kí àwòṣe náà sì kùnà pátápátá. Mílímítà 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ 15 jẹ́ 30. Òjò wákàtí kan péré náà lè mú 30 wá. Ti àkọ́kọ́, oòrùn á ti fà á gbẹ kó tó dé gbòǹgbò àgbàdo. Èkejì da lítà omi 30 sórí mítà kan níbùú lóròó. Òun ló ń wọ́ ebè lọ, tó ń kún gọ́tà. Ọ̀pọ̀ àwòṣe ló kúndùn ti àkọ́kọ́: wínníwínní ṣáá.

Ìdí ni pé àpótí tí wọ́n pín ayé sí sábà máa ń fẹ̀ tó 100 kìlómítà. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta lè wà nínú ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ òjò lè rọ̀ ní Bódìjà kí Dùgbẹ̀ gbẹ táútáú. Àpótí ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè rí ìkùukùu àrá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìṣirò kan ni wọ́n fi ń dípò rẹ̀. Ìṣirò ọ̀hún ò ní sùúrù. Kí oòrùn ṣáà ti mú ilẹ̀ gbóná, ó ti tú òjò sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òjò alárá tiwa ń ṣú nírọ̀lẹ́ lápá ìlà-oòrùn, lórí ilẹ̀ gíga bíi ti Jos, kó tó rin ìrìn òru wá bá wa.

Met Office, àjọ ojú-ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àpótí 4.5 kìlómítà ṣe CP4-Africa, àwòṣe kan fún ilẹ̀ Áfíríkà; wọ́n yọ ìṣirò òjò àrá yẹn kúrò, àsìkò òjò sì sàn gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá dín ìbú àpótí kù sí ìdajì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á di ìlọ́po 8.

Lójú tèmi, òṣùwọ̀n òjò tó ń ka àkókò ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó lé, ká lè fi yẹ àsìkò òjò inú àwòṣe wò. Èyí tí à ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ò lè sọ bóyá ọ̀sán ni òjò rọ̀ tàbí òru. Irú tí mò ń wí ní ife kékeré méjì bíi jáńgílófà: bí omi 0.2 mílímítà bá ti wọ ọ̀kan, á dà á nù, èkejì á gbẹ́nu sókè, ẹ̀rọ á sì kọ àsìkò sílẹ̀. Eruku ọyẹ́, ewé àti òwú aláǹtakùn máa ń dí àrọ rẹ̀. Bí òjò bá le, omi díẹ̀ ń ṣòfò ní gbogbo ìgbà tí ife bá ń yí, iye á sì kéré sí òótọ́. Ẹ fọ àrọ náà kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí ẹ rọra kán omi tí ẹ ti wọ̀n sínú rẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ife yí, kí ẹ wò ó bóyá ó bá omi náà mu.