Ta Ló Ṣí WhatsApp Obìnrin Yẹn?

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé gbélé-ẹ tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan já lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin kan lọ́wọ́ l'Ábùjá níbí tí a kò lè gbójú fò. Wọ́n ní orí Wi-Fi ọ́fíìsì làwọn ti rí ohun tó kọ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn nípa owó àjẹmọ́nú tí wọn kò san.

Ìjà owó àjẹmọ́nú náà kọ́ la bá wá lónìí. Gbólóhùn yẹn ni. Yálà irọ́ ni wọ́n pa, tàbí wọ́n ti fọwọ́ kan fóònù ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà tí òfin kò gbà.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa lórí fóònù ẹni tó fi í ránṣẹ́, tí kì í sì í ṣí àfi lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó ni Wi-Fi dà bí awakọ̀ tó gbé àpótí ní gáréèjì Jábì: ó mọ ìgbà tó gbéra, ó mọ bó ṣe wúwo tó, ó mọ gáréèjì tó já a sí. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó wá gbé e.

A kò sọ pé kò rí nǹkan kan o. Ó ń rí orúkọ tí èèyàn fún fóònù rẹ̀. Bí ẹ bá pe tiyín ní "Ìyá Kẹ́hìndé", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "Ìyá Kẹ́hìndé" náà ni yóò jáde lójú ẹ̀rọ wọn, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ wọlé àti orúkọ ìkànnì tí ẹ ṣí. Ìyẹn nìkan tó láti fi fura sí ẹni tó ń wá iṣẹ́ mìíràn.

Báwo wá lọ̀rọ̀ ṣe dé orí tábìlì ọ̀gá? Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, ó gbé e lọ fún wọn. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ó sì lè jẹ́ pé obìnrin náà ṣí WhatsApp sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó lọ jẹun ọ̀sán, ó gbàgbé láti tì í. Èyí tó ń kọ wá lóminú jù ni ti àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, tí wọ́n máa ń gba fóònù òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ Wi-Fi. Wọn á tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, wọn á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, wọ́n ní àwọn ń bá a ṣètò rẹ̀. Áàpù wo ni wọ́n fi sí i? Ta ló béèrè?

Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ìwé àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù aráàlú. Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Àjọ tó ń rí sí i wà, Àbújá níbí náà sì ni ọ́fíìsì wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ yìí rí agbára bu ìtanràn mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp. Ẹni tó lè bá erin Amẹ́ríkà jà, kí ló ń dí i lọ́wọ́ láti sọdá títì méjì?

A ti kọ ọ́ sójú ìwé yìí rí, a tún ń kọ ọ́: ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá ṣí Wi-Fi sílẹ̀ fún èèyàn, kó lẹ ìwé mọ́ ògiri, ní Gẹ̀ẹ́sì, Háúsá, Ígbò àti Yorùbá, kó sọ ohun tó ń rí, bó ṣe ń pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó láṣẹ láti wò ó. Ìwé ojú kan péré. Wọ́n ń rí ìwé lẹ̀ fún ọjọ́ ìbí ọ̀gá, ti èyí ni wọn kò rí.

Wọ́n lè ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ lọ ra dátà tirẹ̀. Owó dà? Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, ti fọwọ́ sí i pé kí owó ìpè àti dátà gòkè, kó má sáà ju ìdá 50 nínú 100 lọ, Wi-Fi ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọkọ̀ láti Màràrábà wá síbi iṣẹ́ fi ń bá ìyá wọn ní Ọ̀fà sọ̀rọ̀.

Kí ilé iṣẹ́ náà gbé àkọsílẹ̀ Wi-Fi rẹ̀ síwájú àjọ yẹn. Bí ọ̀rọ̀ obìnrin náà bá wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n san owó oṣù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, àti owó àjẹmọ́nú tó torí rẹ̀ sọ̀rọ̀.