Àtúnṣe: Oyin kì í sọ ojú dúdú di aláwọ̀ eérú

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé bí ènìyàn bá ń kán oyin tí a fi omi là sí ojú, ojú dúdú yóò di aláwọ̀ eérú. Irọ́ ni. Inú òrùka tí ó yí ọmọlójú ká ni àwọ̀ ojú wà, lẹ́yìn awọ tí ó mọ́ gaara níwájú ojú, oyin kò sì lè yọ èròjà dúdú kúrò níbẹ̀. Kòkòrò àrùn ni ó lè kó wọlé.

Àwọn tí ń gbé e kiri a máa tọ́ka sí àwọn tí àwọ̀ ojú wọn yí padà lójijì. Irú wọn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn ni, kì í ṣe ẹwà. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà ojú ní Istanbul, Ilknur Tugal-Tutkun àti Merih Urgancioglu, ṣàpèjúwe ọ̀kan tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ó máa ń mú ojú méjèèjì pọ̀, tí ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin: ojú á pọ́n, kò ní lè gba ìmọ́lẹ̀, èròjà àwọ̀ á sì máa ṣí bọ́ sínú omi iwájú ojú. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ èròjà tí ó ṣí lè dí ibi tí omi náà ń gbà jáde, kí ìfúnpá inú ojú sì ga. Èyí tí ó jọ ọ́, tí ó sì le jù ú lọ, ti mú àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé moxifloxacin, oògùn apakòkòrò, mì. Ẹni tí àwọ̀ ojú rẹ̀ bá ṣàdédé yí padà gbọ́dọ̀ tètè rí dókítà ojú, kí ó sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ó lò láìpẹ́ fún un.