Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ O Wò Kí Ẹ Tó Fà Á Sí Ọmọlọ́mọ Lára

“Ẹ̀jẹ̀ O ò kọ ẹnikẹ́ni.” Gbólóhùn yìí ti mọ́ wa lára débi pé, láwọn ilé ìwòsàn mìíràn, bí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti aláìsàn mu ò bá ti sí nílẹ̀, O ni wọ́n máa gbé, wọn ò sì ní yẹ haemolysin, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó lè bẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, wò nínú rẹ̀. Kí èyí dópin.

Òròmọdìẹ ló la ibi tí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ti ń wá yé àwọn onímọ̀. Lọ́dún 1959, Georg Springer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jábọ̀ pé àwọn òròmọdìẹ tí wọ́n sìn bí a ṣe ń sin adìyẹ ní sójà nínú ara tó ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ B ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí wọn lára rí. Àwọn tí wọ́n sìn síbi tí kòkòrò àìfojúrí ò lè dé kò ní in bíi tiwọn. Ìgbà tí wọ́n fún wọn ní kòkòrò inú ìfun kan, E. coli O86, tí ara rẹ̀ jọ ti ẹ̀jẹ̀ B, làwọn sójà náà yọjú.

Bó ṣe rí lára tiwa náà nìyẹn. Ẹlẹ́jẹ̀ O ní sójà tó ń lé A àti B. Lára àwọn kan, ó le débi pé ó ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Òun ni wọ́n ń pè ní haemolysin. Bí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ ara ọmọdé ẹlẹ́jẹ̀ A, ibà apọ́njú lè dé, ìtọ̀ lè dúdú, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kún tirẹ̀ tún wá máa pa tirẹ̀ run. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti rí haemolysin yìí léraléra lára àwọn ẹlẹ́jẹ̀ O tó ń tọrẹ ẹ̀jẹ̀, O ló sì pọ̀ jù láàárín wa.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò ṣòro. Wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ A nínú ọ̀pá gíláàsì kan, mọ́ B nínú òmíràn, wọ́n á gbé e sínú ooru 37°C. Bí omi tó tòrò lókè bá pupa, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nìyẹn.

Lóòótọ́, ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ò lè dúró de àyẹ̀wò. Fún irú wọn, kí wọ́n yọ omi ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan. Àmọ́ pàjáwìrì ò gbọdọ̀ di àṣà ojoojúmọ́.

National Blood Service Commission, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021, la ń bá wí. Ẹ sọ àyẹ̀wò yìí di dandan ní gbogbo bánkì ẹ̀jẹ̀, tìjọba àti taládàáni. Èyí tí haemolysin rẹ̀ bá le, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹlẹ́jẹ̀ O nìkan ni kí wọ́n fà á fún, kí ẹ̀yin náà sì máa yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀ láti wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é.