Ṣé ó yẹ ká máa kó ọmọ lọ wo afárá Lugard ní Kàdúná?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Sátidé tó kọjá mo kó àwọn ìbejì lọ wo afárá Lugard, afárá onírin táwọn òyìnbó kọ́ sí Zungeru ní 1904 tí wọ́n tú tí wọ́n kó wá sí Kàdúná níbí ní 1954. Kẹ́hìndé gbá irin ẹ̀ mú, ìpẹtà kun gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ló bá fi nu ara aṣọ funfun. Àbúrò ọkọ mi rí fọ́tò yẹn lórí WhatsApp, ó ní mo ń kọ́ ọmọ kó máa júbà ẹni tó jẹ gàba lé wa lórí. Ó dùn mí o.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìyá Ìbejì ẹ má bínú, òótọ́ ló sọ. Abẹ́ ìjọba Lugard yìí ni wọ́n ti gbé owó orí ka àwọn bàbá wa lórí l'Ábẹ́òkúta títí ó fi di Ogun Adùbí ní 1918, àwọn èèyàn ń hú irin rélùwéè, sójà ń yìnbọn pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Kí la wá ń ya fọ́tò nídìí afárá ẹ̀ fún? Ẹ tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù jàre!

Ará Barnawa: Ẹ tà á kẹ̀? Sultan Attahiru ti Sókótó, ìlú Burmi làwọn sójà òyìnbó pa á sí ní 1903, ọdún kan péré ṣáájú afárá yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibí ò wó o. Tẹ́ ẹ bá tà á, kí lẹ máa nawọ́ sí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ Adùbí fún ọmọ?

Bàbá Rélùwéè: Ẹ jẹ́ n sọ ti ilé wa. Láti Ọ̀fà ni bàbá mi ti bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Kàdúná, irin ni wọ́n ń rù, èjìká ọ̀tún wọn le gbagidi bí àtẹ́lẹsẹ̀, tí mo bá fọwọ́ kàn án nígbà tí mo wà ní kékeré wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n lára. Lugard kú ní 1945. Ta ló wá kó afárá yẹn wá ní 1954? Lébìrà ni, irú bàbá mi. Ẹ̀yin ń jà lórí orúkọ òyìnbó, èmi èjìká ni mò ń rí tí mo bá débẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Bàbá, mo gbọ́, ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé kò sórúkọ èjìká kankan níbẹ̀, ti Lugard nìkan là ń pè? Kí wọ́n yí orúkọ yẹn padà, mi ò kúrò lórí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Táyé bi mí níbẹ̀ pé "Mọ́mì, ṣé òun nìkan ló kọ́ ọ?", mi ò rí nǹkan kan sọ. Bàbá, ẹ dákun tẹ́ ẹ bá ráyè ní Sátidé ẹ bá wa débẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ti èjìká yẹn fún wọn.

Bàbá Rélùwéè: Ẹ wá mú mi láago mẹ́jọ, kí oòrùn tó mú irin yẹn gbóná.