Ilé là á wò ká tó sọ function lórúkọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo pé "kóòdù ni kó o kà, fi orúkọ sílẹ̀", ẹ má dá mi lóhùn lónìí. Orúkọ tí wọ́n sọ àwọn function, ìyẹn ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, ló ń bí mi nínú.

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ní kí n bá òun yẹ iṣẹ́ òun wò. Ó ti mọ̀ pé bí èèyàn bá lo page (abala) mẹ́mọ́rì kan tán, put_page ló máa fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dáa. Ló bá kan put_user, ó ní èyí náà á máa jọ̀wọ́ nǹkan. Rárá o! Put_user ń kọ iye kan sínú mẹ́mọ́rì aṣàmúlò (ti ètò tí aṣàmúlò ń lò) ni. Get náà ò sàn jù: get_user ń ka iye, get_page ń di page mú kó má baà bọ́. Ta ló yẹ ká bá wí níbẹ̀, ọmọ yẹn àbí ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ?

Copy_from_user, tó ń kó dátà láti mẹ́mọ́rì aṣàmúlò wá sínú kernel, tún wà níwájú. Iye báìtì tí kò rí kó ló ń dá padà, òdo sì ni bó bá kó gbogbo rẹ̀ tán. Àbúrò mi ń wò ó bóyá ó kéré sí òdo, bí ọ̀pọ̀ function kernel ṣe ń fi àṣìṣe hàn. Kò lè kéré sí òdo láéláé, nítorí náà àṣìṣe kankan ò ní hàn sí i.

Ṣùgbọ́n set_fs ni baba wọn. Ẹni tó bá rí i á rò pé ọ̀rọ̀ fáìlì (filesystem) ni. FS yẹn, register kan (ibi ìpamọ́ kékeré inú chip) lára 386, chip Intel àtijọ́, ni! Linux pa register yẹn tì lórí iṣẹ́ nína ọwọ́ sí mẹ́mọ́rì aṣàmúlò, orúkọ ò kúrò. Bẹ́ẹ̀, nígbà náà, set_fs(KERNEL_DS) ló máa ń yọ ìdènà tí kì í jẹ́ kí aṣàmúlò na ọwọ́ sí mẹ́mọ́rì kernel. Bí ètò kan bá kú lójijì kí wọ́n tó dá ìdènà padà ńkọ́? Àléébù ààbò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CVE-2010-4258 nìyẹn. Ó di 2022, ní Linux 5.18, kí wọ́n tó gbá ìyókù rẹ̀ dànù. Ká ní orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ jáde pé ìdènà ni òun ń yọ, ọwọ́ ì bá ti wúwo kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́.

Mo ti gbọ́ tiyín, ẹ̀yin alábòójútó kernel àtijọ́: báa bá yí orúkọ padà, àtúnṣe tuntun ò ní wọlé sínú kóòdù àtijọ́ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ṣebí wọ́n ráyè sọ del_timer (tó ń fagi lé aago kernel) di timer_delete jákèjádò ní 2025, èyí tí kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Put ńkọ́? Ó ti wọ ibi gbogbo. Ká sòótọ́, bí wọ́n bá ní kí n mú orúkọ mìíràn wá, mi ò tíì mọ èyí tí màá dárúkọ.