Mítà mọ́tò ní 70, fóònù ní 66: èwo ni ká gbà?

Ọmọ Luton: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo gba M1 lọ sí Leeds lánàá. Mítà mọ́tò mi dúró sí 70 máìlì gbáko, ṣùgbọ́n fóònù tí mo fi ń wo ọ̀nà ń pe 66. Mọ́tò náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi, táyà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ló fà á? Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: Ọmọ mi, rọra máa wakọ̀ o. Àwọn tó ń retí rẹ nílé pọ̀.

Tòkunbọ̀ Dílà: Wọ́n ti fá mítà ẹ sẹ́yìn. Mọ́tò tó ti rin 180,000 ni wọ́n á sọ di 60,000 kí wọ́n tó tà á fún èèyàn. Lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò dáadáa.

Rewáyà Máfolúkù: Alàgbà, èyí tó ń ka iye ọ̀nà tí mọ́tò ti rìn lẹ̀ ń sọ yẹn. Ti eré ni arákùnrin yìí ń bi wá.

Tòkunbọ̀ Dílà: Mítà ni mítà. Ẹni tó lè fá ọ̀kan lè fá èkejì.

Àdùkẹ́ Coventry: Ọmọ Luton, kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò yín. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Regulation 39. Ó ní mítà kò gbọdọ̀ pe eré kéré sí bó ṣe jẹ́ gan-an láé. Ó lè pè é jù, bí àlékún náà kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá eré gan-an àti kílómítà 4 lé e. Bí mọ́tò bá ń sá 100 kílómítà ní wákàtí kan, mítà rẹ̀ lè wà níbikíbi láti 100 dé 114. Tó bá pe 99, ó ti rú òfin. Ilé iṣẹ́ kò mọ bí táyà yín ṣe máa jẹ tó, wọn ò mọ iye atẹ́gùn tí ẹ máa fún un, ni wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ kún un kí wọ́n má baà kó sínú ẹ̀bi. Fóònù ló súnmọ́ òótọ́ jù, tí ojú ọ̀nà bá tẹ́jú, tí eré yín ò sì yí padà.

Jíìpù Àgbà: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kẹ̀! Ṣé àwọn ló ń bá wa wa mọ́tò ni? Mo yọ 265/65R17 kúrò lẹ́sẹ̀ Hilux mi, mo fi 285/70R17 sí i. Látìgbà náà ni mítà mi ti péye, mọ́tò náà sì ń dúró dáadáa lọ́nà Ọ̀yọ́.

Fọgaláísà Òṣogbo: Ọ̀gá, ẹ ṣọ́ra o. Táyà tí ẹ fi sí i yẹn ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní sẹ̀ńtímítà 5 ó lé. Tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tó ń rìn fi bíi 7 nínú 100 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mítà ò sì mọ̀. Tí mítà yín bá pé rẹ́gí tẹ́lẹ̀, 100 tí ẹ ń rí báyìí, 107 ni.

Jíìpù Àgbà: Mítà kì í ka táyà. Ẹ́ńjìnnì ló ń kà. Kí wọ́n tó bí yín ni mo ti ń wa mọ́tò.

Fọgaláísà Òṣogbo: Ẹ má bínú, ọ̀gá. Tí mọ́tò bá rì sínú ẹrẹ̀, tí táyà ń yí lójú kan, ṣé ẹ kì í rí mítà tí á máa pe 40, tí mọ́tò ò sì kúrò níbi tó wà?

Jíìpù Àgbà: Ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo nígbà yẹn. Òun náà ló ń kà.

Rewáyà Máfolúkù: Irọ́ ni, sà. Tí mọ́tò bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tó sì wà ní fíríì, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, mítà eré á ṣì máa gòkè. Èyí tó ń ka ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́, okùn ló ń ti gíà bọ́ọ̀sì wá sínú mítà. Tòde òní, sẹ́ńsọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ táyà.

Àdùkẹ́ Coventry: Òótọ́ ni. Okùn yẹn máa ń yí mágínẹ́ẹ̀tì kan nínú mítà, mágínẹ́ẹ̀tì á sì máa fa ọwọ́ mítà láìfara kàn án. Otto Schulze ará Jámánì ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1902.

Jagunlabí Danfó: Danfó wo ni mítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Óṣòdì? Èrò ẹ̀yìn ni mítà tiwa. Tí ìyá kan bá ti ké pé "dírẹ́bà, rọra", ó ti di 80. Tí gbogbo ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ti lé ní 100.

Ṣadé Ìkòròdú: 😂😂 Tí kọ̀ǹdọ́ fúnra rẹ̀ bá wá ń ṣàmín ńkọ́?

Jagunlabí Danfó: Iyẹn ò sí nínú mítà mọ́.

Ọmọ Luton: Ẹ ṣé, Àǹtí Àdùkẹ́. Ṣé ìyẹn ni pé mo lè tẹ̀ ẹ́ dé 74 lójú mítà?

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: RỌRA WAKỌ̀! Ẹ̀MÍ Ò LÁÀRỌ̀!

Ọmọ Houston: Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n bá ń sá 50 máìlì, mítà lè fi 5 lé e, ó sì lè fi 5 dín in. Ẹ má fi òfin ìlú Ọba ba gbogbo ayé wí.

Fọgaláísà Òṣogbo: Táyà tó bá ti jẹ náà wà níbẹ̀ o. Táyà tuntun, ojú rẹ̀ máa ń jìn tó mìlímítà 8. Tó bá jẹ dé 1.6, ó ti kéré sí i, á máa yí ju bó ṣe yẹ lọ, mítà á sì fi bíi 2 nínú 100 pe eré jù.

Kúnlé Àkúrẹ́: Ẹ̀rọ adẹ́kun eré tí FRSC ní kí a fi sí mọ́tò èrò láti 2016 ńkọ́? Táyà ńlá lè tan òun náà?

Rewáyà Máfolúkù: Èyí tó bá ń gba eré látara táyà, yóò tàn án. Ẹ bi ọ̀gá onítáyà ńlá.

Jíìpù Àgbà: Èmi lo ń bá wí? Ṣé ìwọ ní mọ́tò?

Rewáyà Máfolúkù: Mọ́tò èèyàn tó pọ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá lójoojúmọ́. Ẹ gbé Hilux yín wá, ká jakì rẹ̀, ká yọ wáyà sẹ́ńsọ̀, kí ẹ wo bóyá mítà á gbéra.

Jíìpù Àgbà: Kí ẹ lè jí bátìrì mi, àbí?

Rewáyà Máfolúkù: Ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ! Mi ò jalè rí. Àgbàlagbà kì í sọ irú ẹ̀ níta gbangba.

Jíìpù Àgbà: Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò jí i kò ní bínú. Ẹ́ŃJÌNNÌ LÓ Ń KÀ.

Àdùkẹ́ Coventry: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ Luton, 70 ni òfin ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fóònù máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé eré ti yí padà, kámẹ́rà ò sì ní bi yín ohun tí fóònù sọ.

Tòkunbọ̀ Dílà: Mo ṣì ní wọ́n ti fá mítà yẹn.

Rewáyà Máfolúkù: Mo ń retí kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn jẹ.

Ṣadé Ìkòròdú: Fọgaláísà, ẹ jọ̀ọ́, èló ni 285/70R17 báyìí?

Fọgaláísà Òṣogbo: Mọ́tò wo lẹ fẹ́ fi sí, àǹtí?

Ṣadé Ìkòròdú: Corolla.

Fọgaláísà Òṣogbo: Kò ní wọlé o.